Okùn Dígí Dé Ilé Ìkẹyìn

Ilé tèmi ni ìkẹyìn ní àfonífojì Cwm Hesgen.
Lẹ́yìn mi, àgùntàn. Lẹ́yìn àgùntàn, òkè.
Lẹ́yìn òkè, mi ò mọ̀; kùrukùru kì í jẹ́ n rí i.

Ogójì ọdún ni mo fi bá wáyà bàbà gbé.
Bí òjò bá ti fẹnu kan òpó,
wáyà á máa ta bí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú páànù.
Bí mo bá sì ta àgùntàn, ìjọba ní kí n kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì
kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.
Ni mo bá ń gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ aṣọ òjò,
mo ń gun òkè lọ síbi géètì Idwal,
níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń yọjú bí ehoro:
o rí i, o ò rí i mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn méjì kanlẹ̀kùn.
Èkíní wọ bàtà tí kò mọ ẹrẹ̀ rí.
Ó ní, "Màámà, pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógún péré lóṣù,
eré tó máa sá á yà yín lẹ́nu."
Mo wọ awò ojú mi, mo ka ibi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà:
bó bá di oṣù keje, owó á di ìlọ́po méjì;
ní oṣù kẹrin ọdọọdún, á tún gorí ara rẹ̀;
ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò kí ọdún méjì tó pé
á sanwó ẹnu ọ̀nà tó bá gbà jáde.
Mo fún un ní tíì. Mi ò buwọ́ lùwé.

Èkejì ni Gwerfyl, ọmọ ẹni tó ń pín lẹ́tà fún wa nígbà kan.
Kò mú ìwé aláràbarà kankan lọ́wọ́.
"A fẹ́ dá a ṣe fúnra wa ni. Á lọ́ra ju tiwọn lọ díẹ̀.
Á fi pọ́n-ùn mẹ́ta wọ́n jù ú lọ.
Àmọ́ bó bá bàjẹ́, èmi lẹ máa pè,
ẹ sì mọ ilé mi."
Mo mọ ilé rẹ̀. Mo mọ ọdún tí eyín rẹ̀ kọ́kọ́ yọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbẹ́lẹ̀, àwa arúgbó àti katakata Idwal,
máìlì mẹ́ta, tí òkúta pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ.
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dì ni pápá Elystan àti Tudwal,
ọmọ ìyá kan náà tí wọn ò kí ara wọn láti ọdún mọ́kànlélógún
nítorí ọgbà kan.
Yàrà wa gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọgbà yẹn.
Elystan ní òun gbà bí Tudwal bá gbà.
Tudwal ní òun ò ní í gbà ṣáájú Elystan.
Gwerfyl gbé ìwé lọ bá ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ bá èkejì,
aago ṣọ́ọ̀ṣì lù ní ọ̀sán gangan, àwọn méjèèjì sì tẹ bírò.
Wọn ò tíì kí ara wọn o.
Ṣùgbọ́n okùn kọjá.

Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ọmọ tuntun.
Dígí ni; ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀.
Wọ́n dá ògiri mi lu, òkúta tó nípọn tó apá,
wọ́n so àpótí funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ agogo bàbá ọkọ mi.
Iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin tàn. Kò pariwo.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe Ifor ní Dunedin.
Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.
Ojú rẹ̀ yọ kedere, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé.
Mo rí i pé irun ti ń kúrò lórí rẹ̀.
Mo rí ife kan ṣoṣo lórí tábìlì.
Mi ò béèrè ìyàwó.

Tẹ́lẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá ti kọjá,
a ó ké pé, "Mi ò gbọ́ ẹ mọ́! Wáyà yìí!"
a ó gbé e kalẹ̀, wáyà á gba ẹ̀bi.
Báyìí mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.
Òun náà ń gbọ́ agogo lẹ́yìn mi.
Kò sí ariwo tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀.

"Màámà, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.